Ta Ló Fa Máàkì Wálẹ̀? Èsì JAMB Ọdún 2025 àti Ìfura Àwọn Ọmọ Àpápá òun Ajégúnlẹ̀

Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni àjọ JAMB, tó ń ṣètò ìdánwò àṣewọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbé èsì UTME ọdún náà jáde fún àwọn tó ṣe é. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ láti Boundary títí dé Wilmer, láti òpópónà Mobil títí wọ Olódì Àpápá: wọ́n ti fa máàkì wálẹ̀. Àwọn ọmọ tí a máa ń rí pẹ̀lú ìwé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń fi ìṣirò dán ara wọn wò, kò sọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Iye tí wọ́n rò pé àjọ náà yọ kúrò nínú máàkì oníkálukú ni wọ́n ń ṣírò.

A kò fi ojú àwàdà wo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó jáde girama, tí òbí rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ àfikún fún láti inú èrè ọjà tàbí owó iṣẹ́ òòjọ́ ní èbúté, tó ń retí 250 tó sì rí 150, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ìdáhùn tí àwọn ọmọ náà fún ara wọn, nítorí pé bí ìdáhùn bá ṣì, ó lè ná ìdílé lówó, ó sì lè gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọmọ.

Ìtumọ̀ mẹ́ta ló gbilẹ̀ jù lọ nígbà náà. Àwọn kan ní àjọ JAMB mọ iye àyè tó wà ní yunifásítì, nítorí náà ni ó ṣe fa máàkì gbogbo ènìyàn wálẹ̀ kí àwọn tó yege má baà pọ̀ ju àyè lọ. Àwọn mìíràn ní ìbéèrè ọjọ́ kan kì í le tó ti ọjọ́ kejì, pé ńṣe ni wọ́n ń fi kún ti àwọn kan tí wọ́n sì ń yọ nínú ti àwọn yòókù kí ó lè dọ́gba. Ẹ̀kẹta, tí àwọn àgbàlagbà pàápàá ń sọ, ni pé ọmọ Èkó ti pọ̀ jù nínú ìdánwò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín máàkì Èkó kù. Àwọn tó rántí ọdún 2016 a máa mú ẹ̀rí wá: ìròyìn gbé e nígbà náà pé wọ́n fi máàkì 40 kún ti àwọn olùṣèdánwò kan. Bí wọ́n bá lè fi 40 kún un, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lè yọ 40?

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a wo bí máàkì náà ṣe ń wáyé. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni olùṣèdánwò UTME ń ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì ní ìbéèrè 60. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ní 40 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Ọgọ́rùn-ún ni òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 400. Bí a bá pín 100 sí ọ̀nà 40, 2.5 ni yóò kan ìbéèrè kan. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 60, díẹ̀ ni yóò fi lé ní 1.6. Nítorí náà, ìbéèrè kan nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò wúwo tó ìbéèrè kan nínú Ìṣirò, ohun kan nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣírò máàkì kì í rántí.

Láti ọdún 2015 ni ìdánwò oníbébà ti kógbá sílé pátápátá. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé ìbéèrè wá, òun náà ló ń gba ìdáhùn. Olùṣèdánwò kì í mú ìwé ìbéèrè jáde kúrò ní gbọ̀ngàn. Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé wá sórí fóònù rẹ̀ lẹ́yìn náà kò ju iye tó gbà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti àpapọ̀ wọn lọ. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ìbéèrè kẹtàdínlógún ni o ti ṣìnà. Àlàfo gbọ̀ọ̀rọ̀ kan wá wà láàárín ohun tí ọmọ mọ̀ pé òun tẹ̀ àti iye tí wọ́n fún un, inú àlàfo yẹn gan-an ni àròsọ ti ń hù. A kò lè bá ọmọ wí pé ó ń méfò nígbà tí a kò fún un ní ohun tí yóò fi mọ̀.

Ká má purọ́, fífa máàkì kì í ṣe ohun tí kò sí láyé. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò SAT ní oríṣiríṣi ìwé ìbéèrè, wọ́n sì máa ń tún máàkì tò kí ẹni tó gba ìwé tó rọrùn má baà jèrè ju ẹni tó gba èyí tó le lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ìwé Ìṣirò rọrùn débi pé àṣìṣe bíi mélòó kan péré ló gba máàkì púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì fárígá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ìdánwò wáyé, àjọ Ofqual fi ìlànà oníṣirò kan gbé èsì kalẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹjọ. Ìlànà náà wo bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí ní àwọn ọdún tó ti kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 àwọn èsì náà tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ohun tí àwọn olùkọ́ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó já fáfá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lórúkọ ló jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ yí ìpinnu náà padà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé fífa máàkì ní àmì tirẹ̀. Ìpinnu ni. Ẹnì kan ló jókòó tó fọwọ́ sí i, ìlànà rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, ó sì máa ń kan gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ìlànà náà bákan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti fura pé nǹkan mìíràn ni.

Ìṣirò gbogboogbò kọ́kọ́ ta aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Èsì ènìyàn 1,955,069 ni àjọ JAMB kéde. Nínú wọn, àwọn tó gba 200 sókè jẹ́ 420,415. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414. Àwọn tó kù, tí wọ́n lé ní 1,500,000, wà lábẹ́ 200, ìyẹn bíi 78 nínú 100. Ariwo ta. Àwọn aláṣẹ wá wo ọdún tó ṣáájú, wọ́n rí i pé bíi 76 nínú 100 ló wà lábẹ́ 200 ní 2024 pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan lójú wọn. Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, tilẹ̀ ní ohun tó fà á ni pé ìgbésẹ̀ tí ìjọba ń gbé láti dènà jìbìtì nínú ìdánwò ti ń so èso.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó jọ òótọ́ nígbà náà ni. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iye kan tí a kó jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè kò lè fi àìsàn ibì kan hàn. Bí ìyá olóńjẹ bá se ìkòkò ìrẹsì márùn-ún, tí ọ̀kan jóná, tí wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó tọ́ ọ wò, ẹni tó tọ́ ọ wò lè ní oúnjẹ tòní kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ni, kò ní mọ̀ pé ìkòkò kan ti jóná. Inú ìkòkò tó jóná yẹn ni àwọn ọmọ wa wà.

Bí àwọn ọmọ ṣe mọ̀ kí àwọn àgbà tó mọ̀ kò sòro láti lóye. Wọn kò wo gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹnì kejì wọn ni wọ́n wò. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà, tí wọ́n jọ kàwé, tí wọ́n fi sí ibùdó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lè fi èsì wọn wéra. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fa máàkì ni, àwọn méjèèjì ni yóò kàn. Bí ó bá jẹ́ ti ibùdó kan nìkan ló wó lulẹ̀, tí ti èkejì dúró, ẹ̀rọ ni kí a wò. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fífa máàkì kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó kó ẹ̀rí jọ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí padà. Alex Onyia, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Educare, gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìráhùn jọ lọ́wọ́ àwọn olùṣèdánwò, ó sì gbé e lọ bá àjọ JAMB. Àyẹ̀wò tí àjọ náà máa ń ṣe lọ́dọọdún lẹ́yìn ìdánwò ni wọ́n sáré fà síwájú nítorí pé ìráhùn ọdún náà kọjá bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí èsì jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèédé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní Àbújá. Ó gbà pé àṣìṣe wà, ó tọrọ àforíjì, ó gbé ẹ̀bi náà lé ara rẹ̀ lórí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàyé tó ṣe nìyí, bí a ṣe lè fi èdè wa sọ ọ́. Ní ọdún 2025, àjọ náà yí ọ̀nà tó ń gbà ṣe ìtúpalẹ̀ èsì padà. Ó da ìbéèrè àti àṣàyàn ìdáhùn rú fún olùṣèdánwò kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ohun tó jẹ́ A lójú ẹnì kan lè jẹ́ D lójú ẹni tó jókòó tì í. Ó tún fi àtúnṣe kan kún ẹ̀rọ kí ó má baà máa fà. Gbogbo èyí dára, pàápàá èyí tó da ìdáhùn rú, nítorí pé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí èrè nínú wíwo ojú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá da ìdáhùn rú fún ọmọ, ẹ̀rọ tó ń máàkì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe dà á rú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bójú tó ìdánwò náà sí: ìsọ̀rí Kàdúná àti ìsọ̀rí Èkó. Wọ́n gbé àtúnṣe náà sórí ti Kàdúná. Wọn kò gbé e sórí ti Èkó, èyí tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ìlà-oòrùn gúúsù, kò sì sí ẹni tó kíyè sí i kí èsì tó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan ṣí ilé mìíràn. Kì í ṣe pé wọ́n yọ máàkì 20 tàbí 40 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn tó tọ́ ni ẹ̀rọ kà sí àìtọ́, ó sì lè jẹ́ pé àìtọ́ mìíràn ni ó kà sí òótọ́. Nínú ìdánwò tó ní àṣàyàn mẹ́rin, ẹni tó di ojú rẹ̀ méjèèjì mú ìdáhùn yóò rí bíi 25 nínú 100. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá bá ìlẹ̀kùn mu, ńṣe ni ọmọ tó kàwé òru àti ẹni tó di ojú ń súnmọ́ ara wọn. Èyí kọjá kí máàkì wálẹ̀. Òǹtẹ̀ tó yẹ kí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn ni ó parẹ́.

Ibùdó 157 ló fara gbá a: 65 ní Èkó, 92 ní ìlà-oòrùn gúúsù. Ènìyàn 206,610 ni ọ̀rọ̀ kàn ní ìhà Èkó, 173,387 ní ìhà kejì. Àpapọ̀ wọn, 379,997, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò náà ní Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó nìkan ló fara gbá a, èyí sì fi hàn pé kò sí ẹni tó jókòó tó ní kí wọ́n dín máàkì Èkó kù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn fún àwọn ará àdúgbò wa. Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ni ìdánwò àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí àjọ náà sọ̀rọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè orí fóònù ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ náà. Bí nọ́ńbà tí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tó ti kó lọ, tàbí ti ẹni tó bá a forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò gbọ́? Ìdánwò WAEC ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò kan náà, ó di dandan kí àjọ méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́ kí ọjọ́ wọn má baà forí gbárí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àpápá, tó mọ bí ọkọ̀ àjàgbé ṣe lè dí ojú ọ̀nà láti Tin Can títí wọ Boundary ní àárọ̀ kùtù, mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ní kí ọmọ wà ní ibùdó ìdánwò ní àdúgbò tí kò dé rí, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Àwọn mìíràn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, wọ́n ti gbà pé ọdún náà ti lọ. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé àwọn tí ìròyìn fífa máàkì wọ̀ lára jù lọ ló ṣeé ṣe kí wọ́n má padà lọ. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ti pinnu láti já òun, kí ni yóò tún lọ ṣe níbẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo èsì tán, tí àpérò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wáyé ní oṣù Keje, àwọn tó gba 300 sókè ti kúrò ní 12,414, wọ́n ti lé ní 17,000. Àwọn tó gba 200 sókè ti lé ní 560,000. Ó ju 140,000 lọ tí ó fi pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó fi máàkì kún ti ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ìlẹ̀kùn mu ni wọ́n mú wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí irú rẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, WAEC gbé èsì ìdánwò àṣekágbá girama jáde, ó ní 38.32 nínú 100 ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àjọ náà ti ojú-ewé èsì pa, ó sì tún un gbé jáde: iye náà ti di 62.96. Ní òpópónà wa, wọ́n ní ariwo àwọn òbí ló jẹ́ kí WAEC fa máàkì sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. WAEC náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín oríṣiríṣi ìwé ìbéèrè ní Ìṣirò, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ẹ̀kọ́ Ẹ̀dá Oníyè àti Ẹ̀kọ́ Ètò Ọrọ̀-ajé láti dènà jíjí ìwé wò, ìtò tí wọ́n fi máàkì kò sì bá ìtò tí àwọn ọmọ dáhùn mu. Àìsàn kan náà ni, ibi kan náà ló ti wá: wọ́n tún ọ̀nà ìdènà jìbìtì ṣe, wọ́n gbàgbé láti tún ọ̀nà ìmáàkì ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Èrò tiwa nìyí. Àwọn ọmọ náà kò ṣì nígbà tí wọ́n ní nǹkan kò tọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ́. Àwọn kan yóò ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé máàkì náà ṣáà wálẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá gbà pé ọwọ́ ènìyàn ló fa máàkì wálẹ̀ kò ní pẹ́ gbà pé owó lè gbé ọwọ́ yẹn kí ó fà á padà sókè. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa. Lọ́dọọdún, bí èsì bá ti jáde, ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ pé àwọn mọ ẹnì kan nínú JAMB tí yóò bá wọn sọ 170 di 270, kìkì kí wọ́n san owó kan. Àjọ JAMB ti kìlọ̀ léraléra pé irọ́ ni, síbẹ̀ àwọn òbí ń san án. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn èsì tó sunwọ̀n sí i lọ́dún 2025 tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tún ṣe.

Èyí kò wẹ àwọn àjọ náà mọ́. Àjọ tó bá ń fi iye ìgbẹ̀yìn nìkan han olùṣèdánwò ló ń fún àròsọ ní oúnjẹ. A ò rí ìdí tí ọmọ kò fi yẹ kí ó lè rí, lẹ́yìn tí ìdánwò bá parí ní gbogbo orílẹ̀-èdè, iye ìbéèrè tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí ẹ̀rọ kà sí òótọ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sì yẹ kí ìṣirò èsì máa jáde fún gbogbo Nàìjíríà láìsí ti ìsọ̀rí àti ti ibùdó. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ti Èkó kalẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ojú lásán ni à bá fi rí i. JAMB jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kò sì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń máàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ló lé ní ìdajì àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹnu wa kò sì yẹ kí ó dí.

Ó ku ibì kan tí máàkì ti ń yí padà ní tòótọ́, ní gbangba, tí àwọn ọmọ kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn JAMB, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀. Ní àpérò oṣù Keje, wọ́n fi 150 ṣe gbèdéke tí yunifásítì kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá, 140 fún ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka, fún àpẹẹrẹ, kì í pe ẹni tí kò gba 200. Ní ọ̀dọ̀ wọn, JAMB ní 50 nínú 100, ìdánwò àbẹ́lé wọn ní 30, èsì girama ní 20. Máàkì JAMB ni wọ́n ń pín sí ọ̀nà mẹ́jọ: ẹni tó gba 240 ní 30, ẹni tó gba 280 ní 35. Nínú èsì girama, A1 jẹ́ 4, C6 jẹ́ 2, nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún. Ẹ wá wò ó: máàkì 40 nínú JAMB, tí gbogbo àdúgbò ń jà lé lórí láti 2016, kò ju 5 lọ níbẹ̀. Ọmọ tó bá sọ C6 di B3 nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún yóò rí 6.

Ẹ̀wẹ̀, ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú 100 àyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín; 35 wà fún àwọn ọmọ agbègbè tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí ọmọ kan tó gba 230 fi wọlé tí ẹni tó gba 250 kò wọlé, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó sì béèrè bákan náà nípa àwọn yunifásítì tí ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀, LASU ní Ọ̀jọ́, LASUSTECH ní Ìkòròdú àti LASUED, tí oníkálukú wọn ní ìlànà tirẹ̀.

Bí ìdánwò mìíràn bá ti ń bọ̀, nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí a fi forúkọ sílẹ̀. Kí ó pa ìwé tó fi wọ gbọ̀ngàn mọ́ títí èsì yóò fi jáde, nítorí pé orúkọ ibùdó, ọjọ́ àti wákàtí wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò gan-an, bí ó bá ti jáde, kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: iye ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà gbé wá, bóyá ó kú láàárín, bóyá ìbéèrè kan kò ní ìdáhùn. Bí èsì bá sì yani lẹ́nu, kí àwọn tí wọ́n jọ wà ní ibùdó kan náà kó ti wọn jọ, kí wọ́n fi wé ti àwọn tó wà ní ibòmíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjọ JAMB nípasẹ̀ ojú-ewé ìráhùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà ní Àbújá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì gbà wọ́n kí wọ́n tó dáhùn.